Ta Ni A Lè Yá Lówó? Ìtàn Ìgbẹ́kẹ̀lé àti Gbèsè Láàárín Wa

Ọ̀rọ̀ owó yíyá ni a gbé kalẹ̀ lónìí, ojú ìtàn ni mo sì fẹ́ kí a fi wò ó. Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀je. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn fi yé wa pé igi mìíràn tún wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó mọ gbèsè í san pàápàá lè má rí owó yá, bí ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò bá jẹ́ irú èyí tí olówó mọ̀ ọ́n kà.

Ẹ jẹ́ kí a ti ilé bẹ̀rẹ̀. Kí báǹkì tó dé ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ìnáwó ńlá bá dé bá, ìbáà ṣe ti òkú àgbà tàbí ti ìyàwó, a máa tọ olówó lọ. Kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Ènìyàn ni ẹ̀rí rẹ̀. Yóò mú onígbọ̀wọ́ dání, ẹni tí ìlú mọ̀, tí yóò dúró fún un. Lẹ́yìn èyí, òun fúnra rẹ̀, tàbí ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀, yóò lọ ṣe ìwọ̀fà. Samuel Johnson, ẹni tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé ètò yìí. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe fún olówó, èlé ni. Kò dín ẹyọ kan kù nínú ojú owó. Ìbáà lo ọdún 1, ìbáà lo ọdún 10, odindi owó tí a yá ni a óò san kí ó tó bọ́. Bí onígbèsè bá sì ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, olówó lè rán ẹni tí yóò dógò tì í. Onítọ̀hún yóò jókòó sí ojúde, yóò máa pariwo, yóò máa mú adìyẹ tó bá rí, títí ara yóò fi ni gbogbo agbo ilé. Ìdí tí ọgbọ́n yìí fi múná ni pé gbèsè ẹnì kan, ìtìjú gbogbo ẹbí ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò aṣọ tí a ń pè ní òṣómàáló lo irú ọgbọ́n kan náà. Wọ́n ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, wọn a sì lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tí kò bá san, títí owó wọn yóò fi pé.

Ètò yìí ní àǹfààní, nítorí tálákà tó ní ẹbí rí owó yá. Ó sì ní oró, nítorí ọmọdé tí kò mọ ìdí gbèsè ni ń fi òógùn rẹ̀ san èlé. Nígbà ìjọba amúnisìn ni òfin fi òpin sí i.

Ní Èkó, ẹ̀rí mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò ènìyàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó yá, ìjọba tuntun náà ń fún àwọn onílé ní ìwé ilẹ̀. Oníṣòwò Òyìnbó a kó ọjà fún oníṣòwò Èkó láwìn, oníṣòwò Èkó a sì fi ìwé ilẹ̀ rẹ̀ dúró. Epo àti ẹkùrọ́ tó bá rí kó bọ̀ láti òkè ni yóò fi san gbèsè náà. Ọ̀pọ̀ di ọlọ́rọ̀ nípa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí iye owó epo pupa wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1880, wọ́n gbé ilé àwọn kan ta ní gbàǹjo. Ẹ kíyè sí i pé ìwà àwọn onígbèsè wọ̀nyí kò yí padà. Ọjà ni ó yí padà.

Ní 1894 ni Bank of British West Africa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Ó ń gba owó àwọn ènìyàn wa pamọ́, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó yá wọn. Àwọn báǹkì Òyìnbó a máa wí pé ilẹ̀ ẹbí kò ṣe é fi dúró, nítorí kò sí ẹnì kan tó lè dá a tà, àti pé púpọ̀ nínú àwọn oníṣòwò wa kì í kọ ìṣirò wọn sílẹ̀. Obìnrin tó ti ń ra ọjà láwìn fún ogún ọdún láìjẹ owó ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀ kò ní ẹ̀rí kankan lójú wọn. Ẹ̀dùn yìí wà lára ohun tó mú kí Dókítà Akínọlá Májà, T. A. Doherty àti H. A. Subair dá National Bank of Nigeria sílẹ̀ ní 1933. Àwọn mìíràn tẹ̀lé wọn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn báǹkì ọmọ ìbílẹ̀ ti fọ́ kí 1954 tó parí, nítorí owó ìdókòwò wọn kéré, àwọn kan sì ń yáni lówó láìwo ẹ̀yìn wò. Ẹ̀kọ́ ńlá ni. Onígbèsè ni báǹkì náà, nítorí owó àwọn tó fi pamọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń yáni.

Ìjọba ńkọ́? A kò lè fi orílẹ̀-èdè ṣe ìwọ̀fà, a kò sì lè gbé e ta ní gbàǹjo. Owó tó ń wọlé fún un àti bí ó ti san gbèsè àtẹ̀yìnwá ni ẹ̀rí rẹ̀. Ní 1978, Nàìjíríà yá bílíọ̀nù dọ́là 1 lọ́wọ́ àwọn báǹkì òkèèrè. Epo rọ̀bì ni àwọn olówó gbójú lé. Nígbà tí owó epo wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, gbèsè ń wọ́jọ. Ní 1986, 1989, 1991 àti 2000, a lọ bẹ àwọn ìjọba olówó tí ń pàdé ní Paris pé kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Èlé àti owó ìtanràn ń gorí ojú owó, bí ìgbà tí ìwọ̀fà ń ṣiṣẹ́ tí gbèsè kò dín. Ní 2005, nígbà tí gbèsè ọ̀hún ti tó nǹkan bí bílíọ̀nù dọ́là 30, wọ́n gbà láti dárí bílíọ̀nù 18 jì wá. A san bílíọ̀nù 12 yòókù tán ní oṣù kẹrin 2006.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006 yẹn náà ni Fitch àti Standard & Poor's, àwọn ilé iṣẹ́ tí ń fún onígbèsè ní máàkì, fún Nàìjíríà ní BB-. Máàkì yìí kò tíì tó èyí tí ọkàn olówó fi ń balẹ̀ pátápátá. Nítorí náà, nígbà tí a yá 500 mílíọ̀nù dọ́là fún ọdún 10 ní oṣù kìíní 2011, èlé 6.75 nínú ọgọ́rùn-ún ni a fi yá a. Èlé tí Amẹ́ríkà ń san lórí owó ọlọ́dún 10 nígbà náà kò tó 4. Ìyàtọ̀ yẹn ni owó orí iyèméjì, owó tí ìbá kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sì ni.

Ní 2017, Nàìjíríà ṣe òfin méjì tó kan mẹ̀kúnnù. Ọ̀kan wà fún àkọsílẹ̀ bí olúkúlùkù ti ń san gbèsè. Èkejì jẹ́ kí a lè fi ohun tó ṣe é gbé, bí ẹ̀rọ ìránṣọ, dúró fún owó. Ẹ̀rí àwọn tí báǹkì kò mọ̀ ọ́n kà tẹ́lẹ̀ ni òfin wọ̀nyí ń wá ọ̀nà láti kà.

Ìbéèrè tí mo fi sílẹ̀ fún àwa tí a yí tábìlì yìí ká, àti fún ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń wò wá, nìyí: ṣé ìwé àkọsílẹ̀ lè mọ ènìyàn tó bí onígbọ̀wọ́ ti mọ̀ ọ́n? Bí iye owó ọjà bá sì tún já lulẹ̀, bí ti epo pupa àti ti epo rọ̀bì, ta ni yóò ya ẹni tí kò fẹ́ san sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò rí i san?