Ohùn Sàlàkọ́ Nínú Ìwé Yunifásítì

Lọ́dún 1951, ní Ọ̀yọ́, Sàlàkọ́, awo Òrìṣàálá, ka ẹsẹ ẹ́ẹ́rìndínlógún tó mọ̀ sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ fún William Bascom. Ó di 1980 kí Indiana University Press tó tẹ̀ wọ́n jáde nínú Sixteen Cowries. Ọdún 29 gbáko!

Òǹtẹ̀wé tó ń wá èrè kò jẹ́ dáwọ́ lé irú rẹ̀: ìwé tó lé ní ojú ewé 700, Yorùbá lápá kan, Gẹ̀ẹ́sì lápá kejì. Ṣùgbọ́n torí kí ìmọ̀ má baà ṣègbé ni yunifásítì ṣe ń dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀, bí àwọn tó máa rà á tilẹ̀ kéré. Ilé ìtẹ̀wé yìí kan náà ló tẹ Ifa Divination ní 1969.

Yorùbá tí wọ́n fi síbẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Olórìṣà tó ń da dílógún ní Cuba tàbí Amẹ́ríkà kò lè fi ìtumọ̀ nìkan kì í. Pẹ̀lú ohùn Sàlàkọ́ níwájú rẹ̀, ó lè yẹ Gẹ̀ẹ́sì Bascom wò, kó sì bá a jiyàn. Bascom ni wọ́n kọ ní òǹkọ̀wé. Ẹnu Sàlàkọ́ lẹsẹ ti jáde.