Ohùn Jim Reeves ní Ilẹ̀ Èkìtì

Ní ọ̀pọ̀ ilé onígbàgbọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹmùrẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ọdún Kérésìmesì kì í pé láìsí ohùn Jim Reeves. Ará Amẹ́ríkà ni, kò sì gbọ́ Yorùbá. Kí ló dé tí ohùn rẹ̀ fi wọ àwọn ènìyàn lára tó bẹ́ẹ̀?

Ìpínlẹ̀ Texas ni a bí i sí lọ́dún 1923. Ó ṣe olóòtú ètò rédíò kí orin tó sọ ọ́ di olókìkí. Nígbà tí ó gba ‘Four Walls’ sílẹ̀ lọ́dún 1957, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó sún mọ́ maikirofóònù, ó sì kọrin bí ẹni tí ń bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. ‘He'll Have to Go’ gbé orúkọ rẹ̀ káyé lọ́dún 1960. Àwo orin Kérésìmesì rẹ̀ jáde lọ́dún 1963, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1964, ọkọ̀ òfuurufú já lulẹ̀ nítòsí Nashville, ó sì gba ẹ̀mí rẹ̀ ní ẹni ogójì ọdún. Giramafóònù àti rédíò, tí Yorùbá ń pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì, kò jẹ́ kí ohùn náà kú.

Àwọn kan lè sọ pé ìfẹ́ ohun òyìnbó lásán ni. Ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú Yorùbá, ọ̀rọ̀ ni ọba nínú orin: orin tí a kò gbọ́ ohun tí ó wí, ariwo ni. Reeves kì í kánjú, kì í gbé ọ̀rọ̀ mì. Ẹni tí kò ka ìwé púpọ̀ pàápàá lè tẹ̀lé e.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Nígbà tí a túmọ̀ orin ìsìn òyìnbó sí Yorùbá, ohùn orin sábà máa ń ba ohùn ọ̀rọ̀ jẹ́. Bí orin bá gbé ìparí ‘ọkọ̀’ sókè, ọkọ́ tí a fi ń ro oko ni etí ń gbọ́. T. K. E. Phillips jà fún àtúnṣe èyí nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, tí ó jáde lọ́dún 1953. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ìṣòro yìí. Nítorí náà ni orin ìsìn láti ẹnu Reeves fi ń dún geere.

Èyí kì í ṣe ìdí láti pa orin ilé tì. Sunny Adé mú gìtá tí a ń fi ọ̀pá irin yọ̀ lórí okùn, èyí tí ó gbajúmọ̀ nínú orin Nashville, wọ inú jùjú, jùjú sì ṣì jẹ́ jùjú. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ mú lára Reeves ni sùúrù rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ akọrin ilé-ìwé tí ó bá jẹ́ kí ohùn orin tẹ̀lé ohùn Yorùbá, tí ó sì pe ọ̀rọ̀ já gaara, yóò rí i pé etí tí ó fẹ́ràn àlejò kò ṣàì fẹ́ràn ọmọ onílé.