Baculites
Baculites jẹ́ ìran ẹran òkun oníkarahun kan tó ti kú àkúrun, ọ̀kan lára àwọn ámónáìtì. Ìkarahun rẹ̀ tó di òkúta ni a fi mọ̀ ọ́n. Lamarck, onímọ̀ ará Faransé, ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1799, láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì fún ọ̀pá. Ámónáìtì yòókù sábà máa ń ká bí ìgbín, ṣùgbọ́n èyí nà tọọrọ. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó kéré púpọ̀ nìkan ló ká. Ó gbé inú òkun káàkiri ayé ní apá ìparí sáà Kiritéṣọ́ọ̀sì, ó sì parẹ́ ní nǹkan bí mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn. Ó pọ̀ nínú àpáta South Dakota, ní Amẹ́ríkà, níbi tí òkun ti bò rí. Ẹ̀yà rẹ̀ máa ń yí padà kíákíá, nítorí náà ni wọ́n fi ń lò ó láti mọ ọjọ́ orí àpáta.