Ìwé Tí A Kọ Lẹ́ẹ̀mejì: Samuel Johnson, Obadiah Johnson àti Iṣẹ́ Ìtàn Kíkọ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ó ṣòro kí a tó rí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn Yorùbá tí kò tíì tọ́ka sí ìwé The History of the Yorubas tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ. Bí ọ̀rọ̀ bá kan Ọ̀yọ́-Ilé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń lọ. Bí ó bá sì kan ogun Kírìjì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni. A ti bá a jiyàn pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ ti sọ pé ojú Ọ̀yọ́ ni ó fi wo gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, Robin Law sì ti béèrè ní 1984 bí ìtàn àbáláyé tí ó kọ sílẹ̀ ṣe jẹ́ ti àbáláyé tó ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa. Báwo ni ọkùnrin tí ó ní ìjọ láti bójú tó, tí ogun sì yí i ká, ṣe rí ìtàn yìí kọ? Kí ni kò sì jẹ́ kí iṣẹ́ náà kú nígbà tí ó yẹ kí ó kú? Mo ní "nígbà tí ó yẹ kí ó kú" nítorí pé ìwé tí ó wà lọ́wọ́ wa kì í ṣe èyí tí Johnson parí ní Ọ̀yọ́ ní 1897. Ìyẹn sọnù. Èyí tí à ń kà ni èyí tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún kọ.

Èrò tí pépà yìí gbé kalẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Kì í ṣe ẹ̀bùn tàbí ìmísí ni ó bí ìwé náà, òun náà kọ́ ni ó sì gbà á là. Àṣà kíkọ nǹkan sílẹ̀ ni, èyí tí ó ti mọ́ Johnson lára tipẹ́tipẹ́ kí ó tó ní i lọ́kàn pé òun yóò kọ ìwé.

A bí Johnson ní Hastings ní ilẹ̀ Sàró ní 1846. Ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú tí a sì dá sílẹ̀ ni. Erúgúnjìnmí ni orúkọ baba rẹ̀, àwọn ẹbí náà a sì máa tọpa ìran wọn dé ọ̀dọ̀ Aláàfin Abíọ́dún. Ó ṣì kéré nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ bá Àlùfáà David Hinderer wá sí Ìbàdàn láti ṣiṣẹ́ ìjọ C.M.S. Ibẹ̀ ni ogun Ìjàyè ká wọn mọ́ láti 1860. Ọ̀nà etíkun dí, ìyà oúnjẹ sì jẹ ilé Hinderer gidigidi. Ní 1863 ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí ó fi di 1866, ó ti padà sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí tíṣà.

Ibi tí ó yẹ kí a ti dúró díẹ̀ nìyí. Ìjọ C.M.S. fi í ṣe ọ̀ranyàn fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n máa fi ìwé ìròyìn iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí London: ibi tí wọ́n lọ, ẹni tí wọ́n bá pàdé, ohun tí wọ́n bá a sọ, èsì tí onítọ̀hún fọ̀. Iṣẹ́ tí kò wu ẹnikẹ́ni láti ṣe ni kíkọ ìròyìn fún ọ̀gá. Ẹni tí ó bá ti ṣe tíṣà rí mọ ohun tí mo ń wí. Síbẹ̀, irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí Johnson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ni ó wà ní ìpamọ́ ní Yunifásítì Birmingham, àwọn náà sì ni J.D.Y. Peel gbé ara lé nínú ìwé ńlá tí ó tẹ̀ jáde ní 2000. Ọ̀ranyàn yìí kọ́ Johnson ní ohun mẹ́ta: kí ó tẹ́tí sílẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, kí ó kọ ọ́ kí ó tó gbàgbé, kí ó sì fi ọjọ́ sí i. Nígbà tí ìtàn wá dé bá a, ọwọ́ rẹ̀ ti yá.

Mo ní "ìtàn dé bá a" nítorí pé kò wá a lọ. Ní 1881 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọ ní Ọ̀yọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi í jẹ díákónì ní 1880. Ogun Kírìjì, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ń jà lọ́wọ́ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀. Aláàfin Adéyẹmí Kìíní fẹ́ kí gómìnà Èkó bá wọn dá sí i, Johnson ni ó sì gbé lẹ́tà ọba lọ sí Èkó ní 1881. Ní 1886, òun àti Àlùfáà Charles Phillips ni a rán lọ sí àwọn ibùdó ogun láti bá àwọn balógun jíròrò lórí ìwé àdéhùn àlàáfíà. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Oníṣẹ́ tí ó wọ ibùdó ìhà kìíní, tí ó sì tún wọ ti ìhà kejì, gbọ́dọ̀ mọ ìdí tí ìjà fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun àkọ́kọ́ tí olúkúlùkù yóò rò fún un nìyẹn. Ẹni tí a bá rò ó fún kò sì lè lóye rẹ̀ bí kò bá mọ bí Ọ̀yọ́-Ilé ṣe tú, bí àwọn tí ogun lé ṣe tẹ ìlú tuntun dó, bí ipò àwọn ìlú sí ara wọn ṣe yí padà. Bí a bá ka ìwé rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, a ó rí i bí ìbéèrè kan ṣe ń fa òmíràn, títí tí ó fi kan Odùduwà.

Ọ̀yọ́ ni ibi tí ó ti rí ìdáhùn. Àwọn arọ́kin wà ní ààfin, ìdílé tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa ka ìtàn àwọn ọba fún ọba. Àwọn ni ó gbára lé fún ìtàn àtijọ́. Fún ti ogun tí ó sún mọ́ ìgbà tirẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó ṣe ojú wọn: Lágùnjú tí í ṣe Tìmì Ẹdẹ, ẹni tí a mọ̀ mọ ìtàn, David Kúkọ̀mí, àgbà ìjọ Ìbàdàn, àti Josiah Oni, oníṣòwò tí ó la ojú ọ̀nà ogun kọjá. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé kì í ṣe pé ó wu òun kí orúkọ òun hàn lára ìwé. Ohun tí ó dun ún ni pé àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìkì, wọn kò sì mọ ti baba wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n ń kú lọ. Ẹ̀rù ikú àwọn àgbà ni ó ń lé e kiri.

Iṣẹ́ náà gbà á ju ogún ọdún lọ. Ó parí rẹ̀ ní 1897. Ní 1899 wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọwọ́ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì, wọn kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ní 1900, Obadiah ní ìdí láti dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ya ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n sọ fún un pé àwọn kò rí ìwé náà mọ́, ṣùgbọ́n pé àwọn ṣe tán láti san owó rẹ̀. Owó! Obadiah kò fi pamọ́ pé ó fura pé ọ̀rọ̀ náà ní abẹ́nú. Ní oṣù kẹrin ọdún 1901, Samuel Johnson kú, láìtíì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ.

Apá tí ó tẹ̀lé èyí ni ó jọ mí lójú jùlọ, òun náà ni a kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ bá. Obadiah kì í ṣe òpìtàn. Oníṣègùn tí ó gboyè ní Edinburgh ni, ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí, ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó láti 1901. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tirẹ̀, ó sọ òótọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fẹ́ sọ nípa iṣẹ́ tí a pa tì: pé fún ọdún púpọ̀ ni òun sá fún un. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìwé àkọ́kọ́ ti kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá a, bí iṣẹ́ náà sì ṣe tóbi tó ń dẹ́rù bà á. Ohun tí ó mú un padà sídìí rẹ̀ kò jọ akíkanjú rárá. Ọ̀ràn a máa yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí ó ń fi hàn pé a nílò irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó sì dà bí ẹ̀ṣẹ̀ lójú rẹ̀ pé kí làálàá ẹ̀gbọ́n òun ṣòfò. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ nìkan kì bá tó. Samuel ti fi àkọsílẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó pọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹ̀dà tí ó kọ́kọ́ kọ kí ó tó tún un ṣe. Nínú ìwọ̀nyí ni Obadiah ti tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ká ní Samuel ti sun ìwé pélébé-pélébé wọ̀nyẹn nígbà tí ó parí iṣẹ́ ní 1897, bí àwa kan ti máa ń ṣe nígbà tí a bá ti gba oyè tán, kò sí ohun tí ọmọ ìyá rẹ̀ ì bá rí ṣe.

Wàhálà kò tíì tán. Ní oṣù kìíní ọdún 1916, wọ́n fi ìwé kejì yìí ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ọkọ̀ Appam. Ọkọ̀ ogun Jámánì tí ń jẹ́ Möwe mú Appam lójú òkun, pẹ̀lú gómìnà ilẹ̀ Sàró, Edward Merewether, nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Virginia ní Amẹ́ríkà. Ẹjọ́ ọkọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi dá a padà fún àwọn tí ó ni ín ní 1917. Ìwé Johnson wà nínú gbogbo rògbòdìyàn yìí. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Nígbà náà, bébà ti wọ́n gógó nítorí ogun, wọ́n sì ní kí ó dúró. Obadiah kú ní 1920. Ìwé náà jáde ní 1921.

Bí a bá fi ojú yìí wo àwọn ìwé ìtàn mìíràn tí ó jáde ní agbègbè kan náà, ohun kan hàn tí n kò kọ́kọ́ fiyè sí. Ní 1914, nígbà tí iṣẹ́ Johnson ṣì wà lọ́wọ́ Obadiah, M.C. Adéyẹmí ti tẹ ìwé ìtàn Ọ̀yọ́-Ilé àti Ọ̀yọ́ ìsinsìnyí jáde ní èdè Yorùbá. Ní 1934, N.D. Oyèríndé, olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí ó ti kàwé ní Amẹ́ríkà, tẹ Ìwé Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ jáde ní Jós, òun náà ní èdè Yorùbá. Kókó ìtàn tirẹ̀ kò jìnnà sí i: kò sí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò mọ Ṣọ̀ún Ògúnlọ́lá tí ó gé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. Ìlú kan ṣoṣo ni ó mú, ó mọ àwọn tí yóò kà á, àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ tí òwò ti fọ́n ká títí dé Òkè Ọya àti Gold Coast sì wà lára wọn. Ìwé rẹ̀ kò sọdá òkun. Johnson ní tirẹ̀ mú gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ó sì kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nípa bẹ́ẹ̀, ó fi ìwé rẹ̀ sábẹ́ àṣẹ atẹ̀wé London àti ewu ojú òkun. Èdè tí òǹkọ̀wé yàn àti ìwọ̀n ilẹ̀ tí ó bù fún ara rẹ̀ wà lára ohun tí ń sọ bóyá iṣẹ́ yóò parí. N kò sọ pé Johnson ṣìnà. Ìwé rẹ̀ ni a tún tẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tí ó bá ń wá ti Adéyẹmí tàbí ti Oyèríndé lónìí yóò fẹsẹ̀ rìn díẹ̀.

Ó ku ìṣòro kan tí ó kan iṣẹ́ wa gan-an. Nígbà tí a bá kọ ọ́ pé "Johnson sọ pé," Johnson wo ni? Obadiah jẹ́ alábàáṣiṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń gbé ní Èkó, níbi tí ìṣèlú àwọn ọdún 1900 sí 1915 kò jọ ti Ọ̀yọ́ àwọn ọdún 1890 rárá. Ní èrò tèmi, kò yẹ kí a tún máa lo ìwé náà bí ẹ̀rí ohun tí ọkùnrin kan rò ní 1897. Àwọn ìròyìn Samuel tí ó wà ní Birmingham ni ó lè ràn wá lọ́wọ́: a lè mú ìtàn ìrìn-àjò alárinà ti 1886 bí ó ti kọ ọ́ nígbà náà, kí a fi wé ohun tí ó wà nínú ìwé 1921, kí a sì rí ibi tí ohùn ti yí padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí ju bí mo ti fẹ́ lọ. Mo ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ sínú ìwé kan fún odidi oṣù mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí mo ń padà bọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ ní Òwódé ní Ọ̀yọ́, mo sì gbàgbé ìwé náà sórí ìjókòó ọkọ̀. Fún ọdún kan àbọ̀ n kò fọwọ́ kan iṣẹ́ náà. Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ baba tí ó sọ̀rọ̀ jùlọ fún mi, aṣọ dúdú ni mo bá lára àwọn ọmọ rẹ̀. Ohun tí ó kù fún mi ni bébà méje tí mo ti kọ orúkọ àti ọjọ́ sí kí n tó dà wọ́n sínú ìwé, èyí tí mo fẹ́ dànù tẹ́lẹ̀. Orí kejì àpilẹ̀kọ mi, tí n ó kà níwájú àpérò yìí ní sáà tí ń bọ̀, inú bébà méje yẹn ni mo ti ń fà á yọ.