Àrùn Ẹ̀pà Tí Ń Gbé Inú Ilẹ̀

Àwa ará Ẹdẹ gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá wa bí ọkọ̀ ojú irin ti ń ru àpò ẹ̀pà láti Kánò kọjá ní ìlú wa lọ sí Èkó, láti nǹkan bí ọdún 1912. Ẹ̀pà ni owó Òkè Ọya nígbà náà. Òun náà sì ni owó ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, níbi tí ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1931, Trochain kọ̀wé nípa àrùn kan níbẹ̀ tí ó pè ní ẹ̀tẹ̀ ẹ̀pà. Ẹ̀pà tí ó bá mú a kúrú, ewé rẹ̀ a kéré, a sì dúdú ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí a bá hú u, ọmọ ìdí rẹ̀ kò tó nǹkan. Kì í mú gbogbo oko. Abala kan níhìn-ín, abala kan lọ́hùn-ún ni. Bí a bá sì tún gbin ẹ̀pà síbẹ̀, ojú kan náà ni yóò tún ti yọ. Kí ni àgbẹ̀ ìbá wí bí kò ṣe pé ilẹ̀ ni ó ń ṣàìsàn? Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín sí i, nítorí àádọ́ta ọdún ni ó gba àwọn ọ̀mọ̀wé kí wọ́n tó bá a níbẹ̀.

Ní 1939, Ledingham ará Kánádà rí ẹ̀dá kan tí ojú lásán kò lè rí nínú gbòǹgbò àlìkámà, ó sì sọ ọ́ ní Polymyxa graminis. Wọ́n kà á mọ́ ìdílé olú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe olú rárá. Ní 1981 ni Thouvenel àti Fauquet, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Côte d'Ivoire, rí ẹ̀rí pé òun ni ń gbé fáírọ́ọ̀sì ẹ̀tẹ̀ ẹ̀pà kiri. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ká jọ sínú èèpo líle nínú gbòǹgbò tí ó ti jẹrà, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ ní ọdún púpọ̀. Bí òjò bá rin ilẹ̀, ó jáde, ó fi ìrù méjì lúwẹ̀ẹ́ láàrin erùpẹ̀ títí yóò fi kan irun gbòǹgbò. Ó lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì da ara rẹ̀ sínú rẹ̀, tòun ti fáírọ́ọ̀sì tí ó gbé níkùn.

Èyí tí ó dùn wá jù ni pé gbòǹgbò ìdílé koríko, irú ọkà bàbà, ni ilé rẹ̀ gan-an. Àlejò ni ó jẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀pà. Àgbẹ̀ tí ó bá fi ọkà bàbà dípò ẹ̀pà kí ilẹ̀ lè sinmi, ọ̀tá rẹ̀ ni ó ń bọ́. Ìrẹsì pàápàá kò bọ́: ẹ̀dá yìí kan náà ni ń gbé fáírọ́ọ̀sì mìíràn fún un, èyí tí a kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní 1977, tí ó yọ ní Kòlóḿbíà ní 1991, tí a sì ròyìn rẹ̀ ní Benin, ìtòsí wa, ní 2015. Kò ní ìyẹ́. Erùpẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ ọkọ́ tó o láti fi rìn.