Ìkéde Awakọ̀ Òfurufú

Ètò tí àwọn awakọ̀ òfurufú fi ń yàgò fún ara wọn níbi tí ohùn olùdarí ilẹ̀ kì í ti í dún ketekete. IATA, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, ló là á sílẹ̀ fún Áfíríkà, lórí ìkànnì rédíò 126.9 MHz. Awakọ̀ á pe orúkọ ọkọ̀ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, á sọ ibi tó dé, bó ṣe ga tó lókè àti ibi tó dorí kọ, á sì máa tẹ́tí sí tàwọn yòókù.

Kálukú iléeṣẹ́ ló ń wá ọ̀nà tó yá àti ibi gíga tí epo kò ti ní jó púpọ̀. Síbẹ̀ àwọn awakọ̀ wọn kì í dákẹ́ lórí rédíò, torí ẹni tó bá dákẹ́ ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu.

Ti àwọn ìjọba tún lọ́jú pọ̀ ju èyí lọ, torí ọkọ̀ tó ń kọjá ń sanwó ìtọ́nà. Orílẹ̀-èdè Benin jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ASECNA, àjọ ìtọ́nà ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Saint-Louis lọ́dún 1959. Gánà kò sí nínú àjọ náà, àmọ́ Accra ló ń darí púpọ̀ lára òfurufú Benin; tí ọkọ̀ bá forí lé ìlà-oòrùn, ó di ọwọ́ Kano.

Bí ìkéde bá kùnà, ó ku TCAS, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tó ń kìlọ̀ ìkọlù. Ní Überlingen, Jámánì, lọ́dún 2002, awakọ̀ kan gbọ́ ti ẹ̀rọ, èkejì gbọ́ ti olùdarí. Àwọn méjèèjì sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ wọn kọlù ara wọn, ènìyàn 71 sì kú. Láti ìgbà náà, ti ẹ̀rọ ni wọ́n ń tẹ̀ lé.