Nígbà Tí Fèrèsé Gorí Fèrèsé

Ẹni tó bá ṣí lẹ́tà, ìwé owó, àwòrán àti ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà mọ bí fèrèsé ṣe ń gun ara wọn. Èyí tó sì ń wá gan-an ló máa wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Ibùdó ìwádìí Xerox ní Palo Alto, Amẹ́ríkà, ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà Alto tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lọ́dún 1973, ojú rẹ̀ ò ju abala ìwé kan lọ. Alan Kay, olùwádìí kan níbẹ̀, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá dọ́gbọ́n sí i: kí fèrèsé kan máa bo òmíràn, bí ìwé ṣe ń bo ìwé lórí tábìlì. Ọgbọ́n gidi ni, àmọ́ ohun tí a bá bò mọ́lẹ̀, ẹnì kan ló máa tú u jáde. Ní Windows 1.0 tí Microsoft gbé jáde lọ́dún 1985, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni fèrèsé ń tò sí, bíi táìsì ilẹ̀ pálọ̀. Kò tó ọdún mẹ́ta tí Microsoft náà fi gbà kí fèrèsé gorí ara wọn.

Lọ́dún 2003, Apple mú Exposé dé. Tẹ F9, gbogbo fèrèsé á súnkì, wọn á sì pàtẹ síwájú rẹ bí ọjà.

Ọ̀nà míì ni ìka gbà wọ ọ̀rọ̀ náà, ìrora ló sì gbé e wá. Wayne Westerman ń ka ìwé oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Delaware, kíbọọ̀dù sì ń jẹ́ kí ọwọ́ máa ro ó. Òun àti olùkọ́ rẹ̀, John Elias, wá ṣe pátákó pẹlẹbẹ kan tó lè mọ ìka kan yàtọ̀ sí èkejì. Kò sóhun tí wọ́n ń tẹ̀ wọlé lórí rẹ̀. Kí ọwọ́ ṣáà ti bà á. Wọ́n dá FingerWorks sílẹ̀ lọ́dún 1998. Apple rà á lọ́dún 2005, bí ọjà wọn ṣe kúrò lórí àtẹ nìyẹn, ó sì dun àwọn tó fi í tọ́jú ọwọ́ tiwọn.

Lọ́dún 2008, trackpad onígíláàsì, pátákó tí ìka ń wọ́, dé sára MacBook, kọ̀ǹpútà alágbèéká Apple. Fi ìka mẹ́rin wọ́ ọ wálẹ̀, fèrèsé gbogbo fọ́n ká. Wọ́ ọ sókè, gbogbo wọn kó kúrò lójú. Magic Trackpad ti 2010 gbé e dé orí tábìlì. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Lion, ètò ìṣiṣẹ́ tuntun fún kọ̀ǹpútà Apple, dojú rẹ̀ dé: ẹni tó bá fẹ́ rí gbogbo fèrèsé, òkè ni kó wọ́ ọ sí. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n wọ́ wálẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ látìbẹ̀rẹ̀! Nígbà tí Windows 10 fi máa jáde lọ́dún 2015, òkè náà ni wọ́n ń wọ́ ọ sí: ìka mẹ́ta pẹ̀lú ara wọn, àtàǹpàkò ń sinmi.